Dísìkì kan kú nínú RAID: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ RAID (ọ̀pọ̀ dísìkì tí wọ́n so pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan ṣoṣo) wá sọ́dọ̀ wa kì í sábà jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní agbègbè Tákíé ni, ilé ìtajà oògùn ni, ilé-ìwé ni, àwọn tó ń bójú tó àwòrán àti ohùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí iṣẹ́ ìwádìí wọn wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú yàrá ní Under G. Ìpayà ni gbogbo wọn máa ń bá dé. Dísìkì tó kú kì í sábà pa dátà. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ló máa ń pa á. Torí náà, ẹ ka ìdáhùn àkọ́kọ́ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Iná pupa ń tàn lára ẹ̀rọ wa, ó sì ń ké. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Bó bá jẹ́ RAID 1, 5, 6 tàbí 10, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é nìyí: kí dísìkì kan kú, kí iṣẹ́ má sì dúró. Fáìlì yín ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ó ti ń tiro, bó bá sì jẹ́ RAID 5, kò sí ohun tó máa gbà á sílẹ̀ bí òmíràn bá tún kú.

Ẹ dá gbogbo ohun tó ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ dúró. Kí ẹni tó ń gé fídíò ṣíwọ́, kí ẹnikẹ́ni má da fáìlì tuntun síbẹ̀. Ẹ má pa á tàn, ẹ má fa dísìkì kankan yọ wò, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì tó bá kọ "Initialize" sára. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dísìkì mìíràn tó láyè, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ kó èyí tó ṣe pàtàkì jù jáde: fídíò oníbàárà tí ẹ kò tíì fi jíṣẹ́, ìwé owó, iṣẹ́ ìwádìí. Kí ẹ tó lọ ra dísìkì tuntun ni kí ẹ ṣe èyí o.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nígbà tí ẹ bá fi dísìkì tuntun sí i, ẹ̀rọ máa ka àwọn dísìkì tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí ẹnikẹ́ni kò kà láti ọdún mẹ́ta. Ìgbà yẹn gan-an ni èyí tó ti ń ṣàìsàn lábẹ́lẹ̀ máa ń dákú. Ẹ kó ẹrù tó ṣe iyebíye jáde kí wàhálà yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ lẹ bébà mọ́ dísìkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà àyè tó wà sí i.

Báwo ni dísìkì kan ṣe lè kú tí fáìlì kò sì sọnù?

Ẹ jẹ́ ká fi àjọ ṣàlàyé. Ẹni mẹ́ta dá owó, wọ́n kọ iye tí kálukú dá sínú ìwé tirẹ̀, wọ́n sì kọ àròpọ̀ sínú ìwé kẹrin. Bí ìwé ẹnì kan bá ya, ẹ yọ iye àwọn méjì tó kù kúrò nínú àròpọ̀, iye tirẹ̀ ló kù yẹn. Ohun tí RAID 5 ń fi bíìtì ṣe nìyẹn. Àròpọ̀ ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní parity, ìṣirò XOR ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kì í wà lórí dísìkì kan ṣoṣo, ó ń yí káàkiri gbogbo wọn. RAID 6 ń tọ́jú oríṣi méjì, ìdí nìyẹn tó fi lè fara da ikú dísìkì méjì. RAID 1 kì í ṣírò ohunkóhun, ohun kan náà ló ń kọ sórí dísìkì méjèèjì. RAID 10 ń so dísìkì ní méjì-méjì bíi ti RAID 1, ó wá ń pín fáìlì káàkiri wọn.

David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì California ní Berkeley ló gbé orúkọ RAID jáde ní 1988. Èrò wọn ni pé ọ̀pọ̀ dísìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú lè ṣe iṣẹ́ dísìkì ńlá olówó gọbọi. Wọ́n sì mọ̀ pé bí dísìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀kan nínú wọn á ṣe máa tètè kú, wọ́n wá fi ìdáàbòbò sínú ètò náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó kú gan-an?

Lórí Linux, ẹ tẹ `cat /proc/mdstat`. Ẹ máa rí ohun tó jọ èyí:

md0 : active raid5 sda1[0] sdb1[1] sdc1[2](F) sdd1[4]
[4/3] [UU_U]

[4/3] túmọ̀ sí pé mẹ́rin ló yẹ kó wà, mẹ́ta ló wà. U kọ̀ọ̀kan jẹ́ dísìkì tí ara rẹ̀ le, ìlà tó wà nísàlẹ̀ sì ni àyè tó ṣófo. F tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sdc1 ló fi hàn pé òun ló kú.

Àmọ́ ẹ má fi "sdc" wá dísìkì nínú àpótí. Orúkọ yẹn lè yí padà bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tàn. Sdc òní lè di sdb lọ́la. Nọ́ńbà serial ni kí ẹ tọ̀. Ẹ tẹ `smartctl -i /dev/sdc`, kí ẹ fi nọ́ńbà tó bá gbé wá wé èyí tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dísìkì. Bí èyí tó kú kò bá dáhùn mọ́, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn tó wà láàyè sílẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ni òkú.

Ẹnì kan gbé àpótí dísìkì mẹ́rin wá bá wa. Dísìkì kẹta ló kú. Ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, òsì ni ẹ̀rọ ti ń kà, ló bá fa ìkejì tó wà láàyè yọ nígbà tí iná ṣì wà lórí rẹ̀. RAID 5 pẹ̀lú dísìkì méjì tó kúrò: gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Ohun tó kó o yọ ni pé kò ṣe ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn náà. Kò tẹ bọ́tìnnì kankan, kò dá ìkejì padà kó máa dán an wò, ó kàn pa ẹ̀rọ, ó sì gbé e wá bó ṣe rí. Gbogbo fídíò rẹ̀ ló rí gbà padà.

Ṣé dísìkì ló bàjẹ́ ni àbí wáyà?

Ìbéèrè tó dáa ni, torí ọ̀pọ̀ dísìkì tí wọ́n ń sọ nù kò ṣe nǹkan kan. Ẹ tẹ `smartctl -a /dev/sdc`, kí ẹ wo ìlà mẹ́rin nínú SMART, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀. Bí iye tó wà ní ìparí ìlà 5, 197 tàbí 198 bá ti kúrò ní òdo tó sì ń lọ sókè, ojú dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń jẹrà. Bó bá jẹ́ pé 199 nìkan ló ń pọ̀, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iye 199 kì í padà sílẹ̀ kódà bí ẹ bá ti pààrọ̀ wáyà. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ó ṣì ń gòkè.

Ní ìlú wa yìí, ẹ fi eruku ọyẹ́ àti eku kún un. A ti tú àpótí tí eku ti jẹ ara wáyà rẹ̀ tó ku tín-ín-rín. Ẹ wo páwà sọ́pílàì náà. Bí dísìkì méjì bá pòórá ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì ti kú. Ibi tí iná ti ń wọlé fún wọn tàbí ibi tí wáyà wọn ti pàdé ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ṣé mo lè ra tókúnbọ̀?

Ẹ lè rà á bí owó kò bá tó, ṣùgbọ́n kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó ń tà á. Ìlà 9 nínú SMART ló ń sọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà sí òdo, torí náà ẹ má gbára lé e nìkan. Ẹ wo 5, 197 àti 198. Bí ọ̀kan bá ti ju òdo lọ, ẹ dá a padà fún un. Ẹ rí i pé ààyè rẹ̀ kò kéré sí ti àwọn tó wà nínú RAID; bó bá fi bíńtín kéré, ẹ̀rọ kò ní gbà á.

Ẹ tún bèèrè bóyá SMR ni. Dísìkì SMR máa ń kọ ìlà gun orí ara wọn, ó sì máa ń falẹ̀ gan-an bí ìkọ̀wé bá pọ̀, pàápàá nígbà àtúnkọ́, ìyẹn ìgbà tí RAID ń kọ ohun tó wà lórí òkú sórí dísìkì tuntun. Ní 2020, ariwo ta nígbà tó hàn pé Western Digital ti fi SMR sínú àwọn WD Red kan tí wọ́n ń tà fún NAS (àpótí dísìkì tí wọ́n ń so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) láìsọ fún oníbàárà. CMR, irú èyí tí kì í kọ ìlà gun orí ara wọn, ni kí ẹ rà fún RAID.

Dísìkì tuntun ti wà lọ́wọ́. Báwo ni ẹ ṣe ń fi sí i?

Fún mdadm, ètò tí Linux fi ń bójú tó RAID, bí òkú náà bá ṣì wà lára àkójọ, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́: `mdadm /dev/md0 --remove /dev/sdc1`. Ẹ fi tuntun sí àyè rẹ̀, ẹ pín in bíi ti àwọn yòókù, kí ẹ wá tẹ `mdadm /dev/md0 --add /dev/sde1`. Àtúnkọ́ máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ sì lè máa wo bó ṣe ń lọ nínú `/proc/mdstat`.

Bí dísìkì náà kò bá tíì kú tán, tó jẹ́ pé 197 rẹ̀ ló kàn ń gòkè, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ fi tuntun sí àyè mìíràn, ẹ fi `--add` fi kún un, kí ẹ wá tẹ `mdadm /dev/md0 --replace /dev/sdc1 --with /dev/sde1`. Ẹ̀rọ máa kó ohun tó wà lára ògbólógbòó sórí tuntun nígbà tí ògbólógbòó ṣì wà níbẹ̀, ibi tí kò bá rí kà níbẹ̀ ló máa tìtorí ẹ̀ lọ bá parity. Kò sí ìgbà kankan tí ìdáàbòbò yín máa dín kù. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn tó mọ èyí kò pọ̀, torí ó sàn ju fífa dísìkì tó ń ṣàìsàn yọ lọ.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín rẹ̀ ńkọ́?

Dísìkì TB 4 tó ń sáré ní MB 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa gba nǹkan bíi wákàtí 11, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá lo ẹ̀rọ náà fún nǹkan mìíràn. Ta ló mọ ìgbà tí ìjọba máa fún wa níná fún wákàtí 11 láìsẹ́jú?

mdadm máa ń kọ ibi tó dé sílẹ̀. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ létòlétò, tó bá tàn padà, ó máa tẹ̀síwájú níbi tó ti dúró. Ìṣòro wà nígbà tí iná bá já lójijì nígbà tí ẹnì kan ń kọ fáìlì sórí RAID 5 tó ń tiro: dátà ti wọlé, parity kò tíì wọlé, àwọn méjèèjì kò wá bára mu mọ́. Linux máa kọ̀ láti tan irú RAID bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan á fi fipá mú un, kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn sì dáa fún yín.

Nítorí náà, inverter tàbí UPS ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ kékeré nìkan dá a dúró, torí àkókò tí epo máa tán tàbí tí ẹ máa yí iná padà ló máa já. Ó dára kí UPS lè bá sáfà sọ̀rọ̀, kí sáfà lè pa ara rẹ̀ létòlétò nígbà tí bátìrì bá fẹ́ tán.

Dísìkì méjì ti kúrò nínú RAID 5 wa. Ṣé ó ti parí?

Ó ṣeé ṣe kó má tíì parí. Ìbéèrè yìí ló gba àsìkò wa jù, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì kò kú lọ́jọ́ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ kúrò ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, iná pupa tàn, ẹnikẹ́ni kò wò ó torí fáìlì ṣì ń ṣí. Ìgbà tí ìkejì kúrò ni gbogbo nǹkan dúró. Ohun tó wà lórí èyí àkọ́kọ́ ti di ti àtijọ́; bí ẹ bá fi sí i, fáìlì máa dàrú. Èyí tó kúrò gbẹ̀yìn ni kí ẹ wá.

Ẹ fi `mdadm --examine` wo dísìkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye tó wà níwájú "Events". Bí méjì tó wà láàyè bá ní 48213, tí ọ̀kan nínú àwọn tó kúrò ní 48209, tí èkejì sì ní 31077, ẹ ti rí i: ẹni 48209 ló kúrò gbẹ̀yìn. Ẹ gbé ẹni 31077 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́.

Kí ẹ tó gbìyànjú láti tún un tò, ẹ ṣe àwòkọ dísìkì tó ń ṣàìsàn sórí tuntun pẹ̀lú GNU ddrescue. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `ddrescue -f -n /dev/sdc /dev/sde /root/sdc.map`. Èyí máa kó ibi tó rọrùn, ó máa fo ibi tó le. Lẹ́yìn náà, `ddrescue -f -d -r3 /dev/sdc /dev/sde /root/sdc.map` máa padà lọ tiraka pẹ̀lú ibi tó le. Ẹ ṣọ́ra gidi: èyí tí ẹ ń kà ló máa ń kọ́kọ́ wà, èyí tí ẹ ń kọ sí ló máa tẹ̀lé e. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ẹ ti fọwọ́ ara yín nu ohun tí ẹ fẹ́ gbà là.

Fáìlì map yẹn ló jẹ́ ká fẹ́ràn ddrescue ní ilẹ̀ yìí. Ó ń kọ gbogbo ibi tó ti dé sílẹ̀. Bí iná bá lọ, tí ẹ bá tún àṣẹ kan náà tẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fáìlì náà sórí dísìkì mìíràn tí kò sí nínú RAID.

Nígbà tí àwòkọ bá ti wà, ẹ yọ èyí tó ń ṣàìsàn kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá fi àwòkọ rẹ̀ àti àwọn méjì tó wà láàyè tò ó: `mdadm --assemble --force /dev/md0` pẹ̀lú orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá tò, ẹ ṣí i fún kíkà nìkan, `mount -o ro`, kí ẹ kó fáìlì jáde. Ẹ má fi fsck, ètò tó ń tún ìtò fáìlì ṣe, tún un ṣe kí ẹ tó kó wọn tán. Fáìlì tó bá bọ́ sí ibi tí ddrescue kò rí kà lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù á ṣí.

Ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n lo `mdadm --create` láti tún un tò.

Ẹ má ṣe é. Àṣẹ yẹn máa kọ àkọsílẹ̀ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ parity tuntun káàkiri. Bí ètò àwọn dísìkì, ìwọ̀n chunk (ègé tí RAID ń gé dátà sí) tàbí ibi tí dátà ti bẹ̀rẹ̀ bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn tó mọṣẹ́ lè lò ó níkẹyìn, pẹ̀lú `--assume-clean`, lórí àwòkọ. Lórí ojúlówó dísìkì yín, rárá.

Àpótí NAS wa ló jó, dísìkì kò ṣe nǹkan.

Ẹ dúpẹ́, èyí rọrùn. Synology àti ọ̀pọ̀ QNAP ń lo RAID ti Linux lábẹ́lẹ̀. Ẹ lè so gbogbo dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, kí ẹ fi mdadm tò wọ́n. Káàdì RAID inú sáfà ló yàtọ̀: àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ló ń kọ, ẹ máa nílò káàdì ilé-iṣẹ́ kan náà. Bí káàdì tuntun bá sọ fún yín pé òun rí "foreign configuration", "Import" ni kí ẹ yàn. Ẹ má yàn "Clear".

Dísìkì ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Wọ́n ní kí n gbé e sínú fírísà.

Ẹ má gbé e sí fírísà, omi á gbá jọ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣí i, ẹ má fọwọ́ gbá a. Ìró yẹn túmọ̀ sí pé orí tó ń ka dísìkì kò rí ojú ọ̀nà mọ́, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá fi ń yí lè máa họ ojú rẹ̀. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bí àwọn tó kù bá tó láti gbé RAID ró, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bí wọn kò bá tó, ẹni tó ní yàrá tí eruku kò lè wọ̀ ló lè ṣí i.

Bí ẹ bá ní láti gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìkẹjà, ẹ fi sínú àpò tí iná mànàmáná ara kò lè kọjá, ẹ fi fóòmù nínípọn wé e yíká, kí ẹnì kan sì gbé e lórí itan dé ibẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí títì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ṣe ń gbọn ọkọ̀. Ẹ má fi sí bùútù.

RAID 0 ni tèmi.

Kò ní parity, kò ní ẹ̀dà. Bí dísìkì tó kú bá ṣeé ṣe àwòkọ pẹ̀lú ddrescue, ìrètí wà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò sí.

Àbúrò mi pa fódà kan rẹ́. Ṣé RAID lè dá a padà?

Kò lè dá a padà. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó pa á rẹ́ ni RAID ti pa á rẹ́ lórí gbogbo dísìkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí àwọn ọ̀daràn bá ti fáìlì yín pa tí wọ́n ní kí ẹ sanwó, tàbí bí àrá bá sán tó jó gbogbo àpótí pọ̀. RAID wà kí iṣẹ́ má bàa dúró; ẹ̀dà ìpamọ́ nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Fún ẹni tó ń ya fídíò, dísìkì kan nílé ẹ̀gbọ́n ní Ìlọrin tí ẹ ń pààrọ̀ lóṣooṣù ti tó bẹ̀rẹ̀.

Kí la lè ṣe báyìí tí ohun gbogbo ṣì dáa?

Ẹ ní kí RAID máa ka ara rẹ̀ wò lóṣooṣù: `echo check > /sys/block/md0/md/sync_action`. Debian ti ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ti jẹrà máa hàn nígbà tí parity ṣì lè tún un ṣe. Ó ṣe pàtàkì torí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sára dísìkì olówó kékeré pé ó lè kùnà láti ka bíìtì kan nínú 10^14, ìyẹn TB 12.5, bẹ́ẹ̀ sì ni àtúnkọ́ RAID 5 oní-dísìkì mẹ́rin tó jẹ́ TB 4 máa ka TB 12. Ọ̀pọ̀ dísìkì dáa ju ohun tí wọ́n kọ lọ, síbẹ̀ RAID 6 la máa ń gba àwọn tó ń ra dísìkì ńlá nímọ̀ràn. Ẹ má sì ra gbogbo wọn nínú páálí kan náà. Àwọn tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà lè kú tẹ̀lé ara wọn.

Dísìkì kọ̀ǹpútà lásán lè fi ohun tó ju ìṣẹ́jú àáyá 30 tiraka lórí ibi kan tó bàjẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn sì ni Linux fi ń dúró dè é kó tó gbà pé kò dáhùn. Wọ́n á wá lé dísìkì tí kò kú jáde. `smartctl -l scterc,70,70 /dev/sdc` máa ní kó jáwọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 7, bó bá gbà á. Ọ̀pọ̀ dísìkì máa ń gbàgbé rẹ̀ bí iná bá lọ, torí náà ẹ fi sínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn.

Níkẹyìn, ẹ kọ ìmeèlì yín sí ìlà MAILADDR nínú `mdadm.conf`, kí ẹ wá tẹ `mdadm --monitor --scan --oneshot --test`. Ìmeèlì ìdánwò yẹ kó wọlé sórí fóònù yín. Bí kò bá wọlé, ẹ má lọ sùn lónìí láìtún un ṣe.